Ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì: èyí tí mo yàn fún ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mi ní Àgbádárìgì

Ràńdábáòtù Àgbádárìgì ni ó tú àṣírí ẹ́ńjìnnì mi. Mo ń bọ̀ láti ìhà Ìbèrèkó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀nà dá, mo sì fi eré tí ó ju bí ó ti yẹ lọ díẹ̀ yí ọkọ̀ Ìjàpá mi (Volkswagen Beetle) po, ni iná ọ́ìlì bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì kú bí mo ti tọ́ ọkọ̀ sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Mo padà, mo tún yí i po, iná náà sì tún ṣẹ́jú ní ibì kan náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà ní swíìṣì ni, ó sì ti ń ṣírò iye tí èmi yóò san. Ṣùgbọ́n swíìṣì ọ́ìlì Ìjàpá kì í tan iná àfi bí agbára ọ́ìlì bá ti wálẹ̀ dé psi (ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìtì) díẹ̀ péré. Bí ó bá wá tàn lórí eré, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti wáyà: pọ́ǹpù ti gbé atẹ́gùn mì dípò ọ́ìlì, béárìn kíránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, sì ti ń yí lórí ìwọ̀nba ohun tí ó ṣẹ́kù sí i lára.

Bàbá mi ni ó ra ọkọ̀ náà ní ọdún 1979, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́, létí ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. A lè sọ pé kò tíì rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá a wá ti kú tipẹ́. Èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ 1600 tókùnbọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ 1584 cc. A gbé e lọ fún táná, ó la ojú ihò rẹ̀ fẹ̀, a fi písítìnì 90.5 mm rọ́pò 85.5 mm tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, a fi kíránkì 69 mm rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì di 1776 cc. Kabúrétọ̀ méjì ni ó ń fún un ní epo nísinsìnyí, káàmù rẹ̀ sì ń ṣí fáàfù sílẹ̀ pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Gbogbo ohun tí ó ń mú agbára wá ni a yí padà, a kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó ń fún un ní ọ́ìlì àyàfi pọ́ǹpù, tí a kàn pààrọ̀ sí tuntun. Ẹ̀bi mi ni èyí, kì í ṣe ti mẹkáníìkì, nítorí pé èmi ni mo ń kánjú láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ lítà 2.5 péré. Kò ní sọ́ǹpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ó dá dúró bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì ń sinmi lé. Ní àárín gbùngbùn ibẹ̀ ni páìpù kan ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú asẹ́ irin roboto, àwo pẹlẹbẹ kan sì dé asẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà. Páìpù yìí, tí èmi yóò máa pè ní páìpù ìfàmu, ni pọ́ǹpù tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Kò sí fíltà kankan láti ilé-iṣẹ́. Asẹ́ yẹn nìkan ni ó dúró láàárín ìdọ̀tí àti béárìn, òun náà kò sì lè mú ju àwọn ègé ńláńlá lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Sílíńdà Ìjàpá kò dúró lóòró. Wọ́n dùbúlẹ̀ ni, méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì. Ọ́ìlì tí ó bá gba inú ọ̀pá púṣíródù lọ sí ọ̀dọ̀ rọ́kà, irin tí ọ̀pá náà ń tì láti ṣí fáàfù, gbọ́dọ̀ gba inú àwọn páìpù mẹ́jọ tí ó bo àwọn ọ̀pá wọ̀nyí padà sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ohun tí ó ń dà á padà ju pé àwọn páìpù náà dà sílẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀nà tí ó tọ́, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ràńdábáòtù, níbi tí àwa tí a ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń yí sí òsì láìdáwọ́dúró. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan lórí yípo tí àárín rẹ̀ jìnnà sí ọkọ̀ ní mítà 40, agbára tí ó ń ti ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èyí tí ilẹ̀ fi ń fà á, ojú ọ́ìlì yóò sì dà ní nǹkan bíi dígírì 26, bí òrùlé páànù. Páìpù tí ó yẹ kí ọ́ìlì gbà sọ̀ kalẹ̀ ni yóò wá gbà jáde lọ sínú ìdérí rọ́kà ọwọ́ ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ sílíńdà 1 àti 2, yóò sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi tọ́. Bàbá mẹkáníìkì mi ní Àjárá, tí orí rẹ̀ ti funfun sábẹ́ Ìjàpá, sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀: “Ọmọ mi, bí o bá tẹ abọ́ ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí ó ki ṣíbí bọ àárín kò ní rí nǹkan bù.”

Ilé-iṣẹ́ kò ṣe àṣìṣe kankan o. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kò ní agbára tí yóò fi yípo lọ́nà bẹ́ẹ̀, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ẹni tí ó sì rà á ń lọ sí ibi iṣẹ́ ni, kò lọ díje. Àwa tí a fi agbára kún un ni a bá páìpù ìfàmu dá ọ̀ràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ Mini sọ fún mi pé kí n wá páìpù tí ẹnu rẹ̀ wà láàárín, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará tiwọn ń ṣe. Òótọ́ ni fún Mini. Ọkọ̀ yẹn, tí Alec Issigonis yà, tí ó sì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, fi ẹ́ńjìnnì lé orí gíà, àwọn méjèèjì sì ń mu ọ́ìlì kan náà. Páìpù ìfàmu rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi í díje máa ń wá èyí tí ẹnu rẹ̀ sún sí àárín. Ṣùgbọ́n àárín ni ti Ìjàpá wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ti Mini, ọ́ìlì ń sá lọ sí igun kejì yàrá kan náà. Tiwa, ó ń bá ojú fèrèsé jáde nílé. Sísún ẹnu páìpù sọ́tùn-ún tàbí sósì kò lè wo àrùn yìí sàn. Ohun méjì ni ó lè wò ó: kí ẹnu páìpù lọ sí ìsàlẹ̀ sí i níbi tí ọ́ìlì pọ̀ sí, tàbí kí a dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà sá. Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí Porsche 911 àtijọ́ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kí ọ́ìlì máa gbé nínú táǹkì ọ̀tọ̀ tí pọ́ǹpù mìíràn sì máa dá a padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò bá àpò mi mu.

Ní àkọ́kọ́, mo ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, mo ra àfikún sọ́ǹpù tí ó tóbi jù, irú èyí tí ó ń gba ọ́ìlì bíi lítà 3.3 lé ti ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú àfikún páìpù gígùn tí ó ń mú ẹnu ìfàmu lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan bá mi mú un bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Aluminíọ̀mù ni, ó ń dán, ó sì ní àwọn etí tí atẹ́gùn fi ń tù ú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo yí ràńdábáòtù po bí mo ti fẹ́, iná kò sì ṣẹ́jú mọ́. Mo tilẹ̀ fi gééjì ọ́ìlì sí i, kí n lè máa wo ọwọ́ rẹ̀ dípò kí n máa dúró de iná. Àwọn tí wọ́n ń tú Ìjàpá ní òfin kan tí ó rọrùn, pé ó yẹ kí a rí nǹkan bíi psi 10 fún yípo 1000 kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọ́ìlì bá ti gbóná, ìyẹn náà ni mo sì ń rí.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wa láti Mowó wá sí ìlú mọ ohun tí mo ń sọ. Ìsàlẹ̀ Ìjàpá jìnnà sí ilẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 nígbà tí ó wà ní tuntun, tèmi sì ti wálẹ̀ díẹ̀ nítorí àárẹ̀; sọ́ǹpù yìí wá sọ̀ kalẹ̀ ju ìka ọwọ́ mẹ́rin lọ nísàlẹ̀ ìyẹn. Gálọ́ọ̀pù kan tí omi bò ni mo wọ̀, mo gbọ́ “gbàgà,” nígbà tí mo sì fi máa bọ́ sílẹ̀, ọ́ìlì ti ń ṣàn lọ pẹ̀lú omi òjò. Mo tètè pa ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni ó sì yọ mí.

Bí aluminíọ̀mù bá là, ó kéré tán, ẹ ó rí ọ́ìlì nílẹ̀. Sọ́ǹpù tí wọ́n fi páànù irin jó ni mo bẹ̀rù jù lọ, nítorí pé kì í là, rírún ni ó ń rún wọlé. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti rún sókè, ó lè dí ẹnu páìpù ìfàmu láìjẹ́ pé ẹ̀kán ọ́ìlì kan kán sílẹ̀; ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yóò sọ pé ọ́ìlì kún, kíránkì yóò sì máa gbẹ. Àlàfo tí àwọn ọ̀mọ̀ṣẹ́ ń fi sílẹ̀ láàárín ẹnu páìpù àti ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù kò ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, páìpù yóò tètè rí atẹ́gùn. Bí ó bá kéré jù, ọ́ìlì kò ní rí ọ̀nà wọlé, pàápàá nígbà tí ó bá tutù tí ó sì ki. Mílímítà 10 yẹn ni gálọ́ọ̀pù kan lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní Àjárá. Nígbà tí a tú àwo ìsàlẹ̀, Bàbá ki ọwọ́ sínú ihò, ó fi ìka méjì mú páìpù ìfàmu ti ilé-iṣẹ́, ó sì yí i bí ẹni yí ìdérí ìgò. Ó yí. Kò yẹ kí ó yí rárá, nítorí pé ńṣe ni wọ́n lù ú wọ inú ara ẹ́ńjìnnì, kò sí bóòtì kan tí ó dì í mú. Ọdún pípẹ́, ìgbóná àti gbígbọ̀n ti mú kí ihò náà là fún un. Bàbá wá ṣe ohun tí èmi kò rí rí: ó yọ pọ́ǹpù kúrò, ó fi rọ́bà kan sí ẹnu ihò tí pọ́ǹpù fi ń fà, ó fi amọ̀ dí etí rẹ̀, ó ní kí n fi àtàǹpàkò dí ẹnu páìpù nísàlẹ̀, ó sì fi ẹnu fà á. Ó ní bí kò bá sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ahọ́n òun yóò lẹ̀ mọ́ ẹnu rọ́bà náà. Kò lẹ̀. Ó fà, ó fà, atẹ́gùn ń wọlé láti ìdí páìpù.

Ibẹ̀ ni èrò mi yí padà. Gbogbo àkókò tí mo fi ń ro bí ẹnu páìpù yóò ṣe lọ sí ìsàlẹ̀, ìdí rẹ̀ ni ó ń jò. Ìyàtọ̀ wà láàárín ibi méjèèjì, àwọn tí wọ́n ń ta ọjà kì í sì í sọ ọ́: bí ìsopọ̀ kan bá wà nísàlẹ̀ ojú ọ́ìlì, bí ó tilẹ̀ jò, ọ́ìlì náà ni yóò fà; ṣùgbọ́n ìdí páìpù wà lókè, bí ọ́ìlì bá sì ti sún kúrò níbẹ̀ ní kọ̀rọ̀, atẹ́gùn ni yóò máa mu kódà bí ẹnu páìpù ṣì rì sínú ọ́ìlì. Sọ́ǹpù ńlá kò wo èyí sàn. Ó kàn bo ojú egbò ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kan ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ páìpù yẹn. A la ẹ́ńjìnnì sí méjì, a fọ ìdí páìpù títí ọ̀rá fi kúrò, a fi gáàmù irin tí ó ń fara da ooru lẹ̀ ẹ́ padà, Bàbá sì fi ìdálu lu etí ihò náà ní ibi mẹ́ta kí irin lè jẹ mọ́ ọn. Ó fẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ahọ́n lẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti wà ní lílà, a fi àwo irin pẹlẹbẹ kan dábùú inú rẹ̀, láàárín kíránkì àti ọ́ìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìjì tí kíránkì ń jà má ṣe máa gbo ọ́ìlì di ìfófòó, kí ó sì dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi kíránkì tí ó gùn ju 69 mm sínú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ọ̀pá písítìnì má lọ gbá a. Tèmi kò ní wàhálà yẹn.

Nípa àfikún sọ́ǹpù, mo padà sí i, ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré ni mo yàn, tí ó ń gba nǹkan bíi lítà 1.4 péré, nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ibi tí páìpù èéfín ti wà tẹ́lẹ̀ ju díẹ̀ lọ. Mo wo ohun mẹ́ta lára àfikún páìpù tí ó bá a wá kí n tó sanwó. Mo wò ó pé inú rẹ̀ kò fún ju inú páìpù ilé-iṣẹ́ lọ, nítorí pé pọ́ǹpù kì í fi ipá fa ọ́ìlì, atẹ́gùn ayé ni ó ń tì í lẹ́yìn wọ inú páìpù, ìtì yẹn sì ní ìwọ̀n. Mo wò ó pé ibi tí ó ti wọ ara páìpù àtijọ́ le dáadáa, ó sì ní rọ́bà roboto tí ó dí i. Mo sì wò ó pé irin kan so ó mọ́ ara sọ́ǹpù, nítorí pé páìpù tí ó bá kàn rọ̀ dirodiro ni gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Tèmi ń lo asẹ́ ilé-iṣẹ́, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ kí ẹ fi asẹ́ àtijọ́ wọn tuntun kí ẹ tó rà á, nítorí pé ihò àárín rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ kò dọ́gba fún gbogbo ọdún Ìjàpá.

Láti mọ àlàfo tí ó wà lábẹ́ ẹnu páìpù, ó yẹ kí a fi amọ̀ rírọ̀ sí ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù, kí a dì í, kí a tún tú u, kí a sì wọn bí amọ̀ náà ti tẹ́ sí. Amọ̀ wa ti gbẹ kankan lọ́jọ́ náà. Òkèlè ẹ̀bà àná ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbé wá, a fi ọ̀rá bò ó, a sì dì í mọ́ abẹ́ rẹ̀: mílímítà 9. Bàbá rín ẹ̀rín títí.

Wọ́n tún fẹ́ tà mí ní pọ́ǹpù tí jíà inú rẹ̀ jẹ́ 30 mm dípò 26 mm tí ó wà lára tèmi. Mo kọ̀ ọ́. Pọ́ǹpù ńlá kì í ṣẹ̀dá ọ́ìlì. Ó kàn ń yára kó èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lọ sókè ni, bí ọ̀nà àbọ̀ kò bá sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni yóò gbẹ ìsàlẹ̀ fún páìpù ìfàmu. Béárìn mi jẹ́ tuntun, àlàfo inú wọn kò fẹ̀, n kò sì rí ohun tí 30 mm fẹ́ ṣe fún mi.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mẹkáníìkì yín sọ ni ọ̀rọ̀ gáàmù. Nígbà tí a kọ́kọ́ tú asẹ́ mi, gáàmù tí ẹnì kan fi lẹ gáskẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí ti já sínú rẹ̀ bí ekòló, ó sì ti dí bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì bébà méjì tí ó mọ́ tó fún ibẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ dì nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí pé wọn kò fẹ́ agbára rárá. Ẹni tí ó bá fi sípánà gígùn fà wọ́n yóò fa bóòtì wọn yọ lára ẹ́ńjìnnì.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Ọ́ìlì 20W-50 ni mo ń lò, mo sì ń tú asẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ rẹ̀. Ní ràńdábáòtù, ọwọ́ gééjì kì í mì mọ́ ní eré tí mo ń fi yí i po tẹ́lẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tí wẹ́dà ṣe fún mi ń dáàbò bo sọ́ǹpù láti iwájú, gálọ́ọ̀pù sì ti ha á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi kan ṣoṣo tí mo ṣì ń rí ìyípadà ni ìgbà tí mo bá tẹ búréèkì lójijì láti orí eré: ọ́ìlì ń sáré síwájú, ọwọ́ gééjì a já bíi psi 5, a sì padà. Bàbá sọ pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti bẹ wẹ́dà náà pé kí ó gé irin kékeré kan tí a ó fi dábùú inú sọ́ǹpù níwájú ẹnu páìpù, a ó sì fi í sí i nígbà tí mo bá tún fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì.